Ọ̀gá Básíkẹ́tì àti Kòkó Màmá Rẹ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé kò sí eré ìdárayá tí òun kò ṣe rí láyé, ẹ bi í bóyá ọmọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má bá a jiyàn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìjọba ló fi tipátipá kọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí fún Rufus Akínyẹmí, ọ̀rẹ́ mi, tí ó di alága ẹgbẹ́ básíkẹ́tì ìpínlẹ̀ wa lẹ́yìn tí ó ti ṣe gbogbo eré yòókù tán. Àwọn olùkọ́ ní bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ló yẹ ká máa pe eré náà. Kí wọ́n máa pè é bẹ́ẹ̀. Àwa tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sínú bọ́ọ̀lù náà, básíkẹ́tì la mọ̀ ọ́n sí.

Lawrence ni orúkọ tèmi. Èmi ni mo ń tọ́jú sítọ̀, yàrá tí a ń kó ohun èlò sí, ní ọ́fíìsì eré ìdárayá ní Àkúrẹ́, ọmọ Ìkàrẹ́ sì ni mí. Mo sọ ìyẹn kí ẹ lè mọ̀ pé n kò gbè sẹ́yìn Àkúrẹ́, n kò sì gbè sẹ́yìn Oǹdó. Ìlú méjèèjì ti ń wo ara wọn bí orogún tipẹ́: wọ́n fi orúkọ Oǹdó pe ìpínlẹ̀, wọ́n sì fi Àkúrẹ́ ṣe olú ìlú rẹ̀, inú ẹnikẹ́ni kò dùn.

Ìlú Oǹdó ni wọ́n bí Rufus sí, nínú ilé tí pèpéle kòkó wà níwájú rẹ̀. Sìmẹ́ńtì ni pèpéle náà, ó tẹ́jú, oòrùn sì ń pa á láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Orí rẹ̀ ni màmá rẹ̀ ń sá kòkó sí. Bàbá Rufus kú nígbà tí ọmọ náà kò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Kòkó yẹn ló bọ́ ọ, òun náà ló rán an lọ síléèwé. Nítorí náà, òfin kan ṣoṣo ló wà nínú ilé: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ kòkó. Ẹni tí ó bá fẹ́ jáde síta, kí ó gba ẹ̀gbẹ́ pèpéle yí ká. Àwọn àgbà ń yí ká. Rufus kò ní sùúrù ìyẹn. Ó máa ń fò ó kọjá níbi tí ó ti ṣe tóóró, bí ó bá sì já sórí kòkó, ìgbátí ló ń gbà kí ó tó dìde. Báyìí ló ṣe kọ́ bí a ṣe ń fò jìnnà. Àwọn ẹlòmíràn ń gba kóòṣì.

Ó ku ohun kan tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa kòkó. Bí òjò bá pa á, yóò bu, bí ó bá sì ti bu, làálàá ọdún náà ti wọ omi nìyẹn. Òjò kì í sì í ránṣẹ́ ṣíwájú. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ní àdúgbò wọn, bí ojú ọjọ́ bá ti ṣú, kò sí kòkó tẹnì kan mọ́. Ẹni tí ń lọ sọ́jà yóò sọ ẹrù kalẹ̀, ẹni tí wọ́n ń gẹ irun fún yóò dìde pẹ̀lú ààbọ̀ irun lórí, àwọn tí kì í kí ara wọn yóò jọ di etí àpò kan náà mú. Ẹni tí ó bá rí kòkó tí òjò ń bọ̀ wá pa, tí ó sì kọjá lọ, kí ó má retí èrò níbi ìsìnkú bàbá rẹ̀.

Olùkọ́ kan ló rí fífò Rufus tí ó fi mú un wá sí Àkúrẹ́. Fífò jìnnà nìkan ni wọ́n gbà á fún, ó sì mọ̀ ọ́n. Kò pẹ́ tí ó dé ni ìjọba gé Èkìtì kúrò lára wa, ní ọdún 1996. Inú àwọn ará Èkìtì dùn, ó sì yẹ kó dùn. Ṣùgbọ́n ní ọ́fíìsì tiwa, ọ̀rọ̀ di ogún pínpín. Ẹni tí ń ju ọ̀kọ̀ fún wa sọ pé Ìkẹ́rẹ́ ní Èkìtì ni ilé bàbá òun. Ẹni tí ń ṣọ́ ilé nínú bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá sọ pé Ìjerò ni tòun. Wọ́n di ẹrù wọn, a dì mọ́ra, a sunkún díẹ̀, a pín bọ́ọ̀lù. Nígbà tí bọ́ọ̀sì wọn lọ tán, a wo ara wa lójú. Ìpínlẹ̀ Oǹdó tuntun ní ọ̀gá eré ìdárayá lọ́pọ̀lọpọ̀, ṣùgbọ́n kò ní eléré.

Bí ọ̀gá àgbà wa ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wo Rufus láti òkè délẹ̀ nìyẹn. "Rufus, apá rẹ gùn, wá ju ọ̀kọ̀." Ó jù ú. "Rufus, o ga, wá ṣọ́ ilé." Ó ṣọ́ ọ. Níbi ìdíje kan ní òkè ọya, ẹni tí ó yẹ kó lúwẹ̀ẹ́ fún wa kò yọjú, ọ̀gá sì tún pe Rufus.

"Ọ̀gá, n kò mọ̀ ọ́n o. Odò wo ló wà nílé wa?"

"Bí o bá ti dé inú omi, ara rẹ á sọ fún ẹ."

Ara rẹ̀ sọ fún un lóòótọ́. Òun ló gbẹ̀yìn, a sì dúpẹ́ pé ó jáde. Lọ́jọ́ kan náà ló gba àmì ẹ̀yẹ bàbà nínú jíju ọ̀kọ̀, ó sì rẹ̀ ẹ́ débi pé ó ti sùn lọ lórí àga nígbà tí wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀. Nínú fífò jìnnà tí a torí rẹ̀ gbà á, kò rí nǹkan kan mú bọ̀. Ọ̀gá bá a wí pé kò fọkàn sí i.

Básíkẹ́tì ló wá fẹ́ràn jù lọ. Ó ní eré tí ó ní fífò, sísáré àti jíjù nínú pọ̀ ni, orí ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n sì ti ń gbá a. Mo fojú mi rí i níbi tí ó ti ń gbá a, n kò sì ní purọ́ torí pé ọ̀rẹ́ mi ni. Ó dára láti wò. Bí ó bá gbéra nílẹ̀, ẹ ó kọ́kọ́ rò pé ó ti gbàgbé láti sọ̀ kalẹ̀.

Gbogbo ohun tí ó bá gbà níbi eré, Oǹdó ló ń gbé e lọ. Màmá rẹ̀ á gba àmì ẹ̀yẹ náà, á yí i síhìn-ín, á yí i sọ́hùn-ún.

"Ó dára. Uṣẹ́ ńkọ́?"

"Màmá, iṣẹ́ náà nìyí."

"Mo gbọ́. Uṣẹ́ ńkọ́?"

Rufus á rẹ́rìn-ín, á ní kí ó wá wo òun ní Àkúrẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, òun á rán ọkọ̀ wá gbé e. Màmá á wo kòkó tí ó tẹ́ rẹrẹ níwájú ilé, á wá béèrè ìbéèrè tí kò sí ẹni tí ó rí ìdáhùn rẹ̀ rí: "Ta ni yóò máa wo ojú ọ̀run?" Bí kò bá jẹ́ àsìkò kòkó, àsìkò oko ríro ni. Ó lọ síbi ìgbéyàwó Rufus nítorí pé inú oṣù kẹta ló bọ́ sí, tí kò sí kòkó lórí pèpéle, tí oko ríro kò sì tíì bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ ti ń ṣeré fún ìjọba, kò fojú rí i rí níbi tí ó ti ń ṣe é. Rufus kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Èmi tí mo ń bá a jẹun nínú àwo kan náà mọ̀ pé ó ń dùn ún.

Nígbà tó yá, orúnkún rẹ̀ méjèèjì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó kọ ọ́. Wọ́n fi í ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ básíkẹ́tì. Olóyè Adéṣínà, ọmọ Àkúrẹ́, ni alága nígbà náà, èèyàn jẹ́jẹ́ tí ó béèrè níbi ìpàdé àkọ́kọ́ pé ta ni ń ṣọ́ ilé nínú eré náà. Rufus ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́, Olóyè ló ń jókòó níwájú. Nígbà tí wọ́n gbé Olóyè ga sí ipò bàbá ìsàlẹ̀, Rufus di alága, wọ́n sì fún un ní ọ́fíìsì. Ìdajì tábìlì nínú sítọ̀ mi ni ọ́fíìsì náà. Ó ra kóòtù, ó sì ń wọ̀ ọ́ nínú ooru Àkúrẹ́, ó ní ọ̀gá ni òun. Iṣẹ́ ọ̀gá tí mo rí i tí ó ń ṣe jù ni pé kí ó jókòó sí iyàrá àlejò kọmíṣọ́nnà eré ìdárayá láti òwúrọ̀, kí wọ́n sì sọ fún un ní ọ̀sán pé kọmíṣọ́nnà ti gba ẹ̀yìn jáde. Ọkùnrin tí ó fò jìnnà tó bẹ́ẹ̀, kò lè fo ìloro kan ṣoṣo kọjá.

Ohun tí ó ń tọrọ ni pápá básíkẹ́tì kan sí ìlú Oǹdó. Ó sọ fún kọmíṣọ́nnà pé fún ìdàgbàsókè àwọn ọ̀dọ́ ni. Èmi ló sọ òótọ́ fún, lọ́jọ́ kan tí a ń jẹ ẹ̀bà.

"Lawrence, màmá mi ti ń dàgbà. Mo fẹ́ kó rí mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí orúnkún yìí tó kọ̀ pátápátá. Bí kò bá lè wá sí pápá, kí pápá lọ bá a nílé."

Mo ní ọ̀rọ̀ ọmọdé lèyí. Ó ní òun mọ̀.

Kọmíṣọ́nnà fọwọ́ sí i níkẹyìn, ó jọ pé kí Rufus lè kúrò ní iyàrá àlejò rẹ̀. Ilẹ̀ ìdílé tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé màmá rẹ̀ ni wọ́n lò. Nígbà tí Rufus tọrọ rẹ̀, màmá kò jiyàn, kò béèrè ìbéèrè kan, ó ní kí wọ́n máa ṣe é. Ó yẹ kí ìyẹn kọ wá lóminú. Wọ́n wá fún birikilà ọmọ Oǹdó kan ní àwòrán pápá náà. Ó wò ó, ó mi orí. Kò rí pápá básíkẹ́tì rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n pèpéle kòkó tí ó ti tẹ́, kò níye. Ohun tí ó mọ̀ ló ṣe, ó sì ṣe é dáadáa. Ó mú ojú rẹ̀ jọ̀lọ̀, ó jẹ́ kó dagẹ̀rẹ̀ síbi kan díẹ̀ kí omi má bàa dúró, ó sì gbé etí kékeré yí gbogbo rẹ̀ ká kí hóró kankan má bàa yí bọ́ sílẹ̀. Rufus wà ní Àkúrẹ́ ní gbogbo àkókò yẹn, ó ń lé ìwé ìjọba kiri. Nígbà tí ó máa fi dé ibẹ̀, sìmẹ́ńtì ti gbẹ, wọ́n sì ti ri òpó méjèèjì mọ́lẹ̀.

Èmi àti ẹ̀ ni a jọ lọ lọ́jọ́ náà. Kòkó la bá, láti abẹ́ òpó kan títí dé abẹ́ ìkejì, ó ń dán nínú oòrùn. Màmá jókòó sórí àpótí níbi tí pátákó básíkẹ́tì ṣíji bò, ó fi fìlà koríko borí. Ó ti so ìró kan mọ́ òpó kí ó lè gbẹ. Nígbà tí ó rí Rufus, ó dìde, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì lé e lórí. Ó ní kò sí ẹlẹgbẹ́ pèpéle yìí ní gbogbo Oǹdó. Ó ní àwọn ènìyàn ti ń sọ pé ọmọ òun lọ sí Àkúrẹ́, ó gbàgbé ilé, òun sì ti mọ̀ pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Ó ní bí ó ṣe rántí òun yìí, àwọn ọmọ rẹ̀ náà yóò rántí rẹ̀. Ohun tí kò yé òun ni iṣẹ́ tí igi gíga méjèèjì ń ṣe, ṣùgbọ́n wọ́n wúlò fún aṣọ.

Rufus wò mí. Mo wo ọ̀run. "Àmín, Màmá," ló sọ.

Ó gbà á tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó lè ṣàlàyé, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń ṣe é. Wọ́n fẹnu kò níkẹyìn pé kòkó ló ni pápá láàárín ọ̀sẹ̀, básíkẹ́tì ló ni ọjọ́ Sátidé, àti pé lọ́jọ́ ìṣípápá, wọn yóò kó kòkó sórí tapólì, ọ̀rá ńlá tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀, láàárín pápá àti ilé. Màmá gbà láti jókòó sídìí tábìlì àwọn ènìyàn pàtàkì. Àga rẹ̀ kò jìnnà sí tapólì, kò sì ní àwáwí mọ́. Rufus ṣètò pé kí àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù kọ́kọ́ gbá díẹ̀ kí àwọn ọmọbìnrin Àkúrẹ́ àti ti Oǹdó tó wọ pápá. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun náà máa gbá. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ ni mo ń rí i lẹ́yìn sítọ̀ mi tí ó ń sáré, ọ̀gá pátápátá, pẹ̀lú ìpara gbígbóná lórúnkún tí òórùn rẹ̀ ń gba gbogbo ọ́fíìsì kan.

Ọjọ́ náà pé, nínú oṣù kọkànlá. Èrò wá. Olóyè Adéṣínà ló fẹ́ ṣí pápá, ó sì dìde. "Ulú Àkúrẹ́ kí ulú Oǹdó o," ló wí, àwọn ará Oǹdó sì dáhùn bí ẹni tí wọ́n fi òògùn kíkorò sí lẹ́nu. Ọkùnrin kan lẹ́yìn mi ń béèrè pé ṣé kò sí olóyè ní Oǹdó ni. Olóyè sọ ìtàn eré ìdárayá, ó sọ ìtàn ara rẹ̀, ó wá ń dárúkọ àwọn àlejò lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń dìde, tí wọ́n ń jókòó. Màmá Rufus jókòó láàárín wọn, gèlè rẹ̀ le dáadáa, ó gbé ojú sókè. Pásítọ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rò pé àdúrà ló ń gbà, òun náà bá gbé ojú sókè.

Nígbà tí Olóyè jókòó tán, oòrùn ti ń rọ̀. Rufus bọ́ kóòtù, jẹ́sì wà lábẹ́ rẹ̀, ó fún un ní ikùn. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Rẹfirí fọn fèrè. Bọ́ọ̀lù kọ́kọ́ yí lọ síbi tí birikilà mú kó dagẹ̀rẹ̀ sí, gbogbo àwọn àgbà sáré tẹ̀lé e, ẹsẹ̀ ẹnì kan kọ etí pápá, ó ṣubú. Modúpẹ́, ọmọ Ilú-Àbò nítòsí Àkúrẹ́, tí ó ti jẹ́ olórí àwọn obìnrin agbábọ́ọ̀lù wa rí, ló gbà á, ó sì jù ú sí Rufus. Kò sí ẹnikẹ́ni níwájú rẹ̀. Àwọ̀n wà níbẹ̀ tí ó ń dúró dè é. Kí ó tó gbéra, ó bojú wo tábìlì bóyá màmá ń wo òun.

Màmá ti dìde dúró. Inú mi dùn débi pé mo di apá ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mú. Mo rò pé ó dìde fún ọmọ rẹ̀ ni. Rufus náà rò bẹ́ẹ̀, mo rí i lójú rẹ̀.

Màmá nàka sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan tó wà nítòsí, níbi tí ọ̀run ti dúdú. "Òjò," ló sọ, kò tilẹ̀ pariwo.

Pápá ṣófo. Àwọn agbábọ́ọ̀lù Oǹdó sáré, rẹfirí sáré pẹ̀lú fèrè lẹ́nu, ọkùnrin tí ń béèrè olóyè Oǹdó sáré. Àwọn ọmọ Àkúrẹ́ dúró, wọ́n ń wo ara wọn, títí Modúpẹ́ fi ti méjì nínú wọn lẹ́yìn. Olóyè Adéṣínà tẹ́ agbádá rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń gbọ́n kòkó sí i. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, ìyẹn ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo rí i tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe níbi básíkẹ́tì.

Rufus nìkan ló kù lórí pápá pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lọ́wọ́. Ó lè jù ú. Kò sí ẹni tí yóò dí i lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tí yóò rí i, àfi èmi. Ó wo àwọ̀n, ó wo màmá rẹ̀ tí ó ń fa àpò kan tí kò tẹ̀lé e. Ó gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ jẹ́jẹ́, bọ́ọ̀lù sì yí lọ. Ó wá gbéra. Ó fo etí pápá, ó fo bẹ́ǹṣì àwọn àlejò. Nígbà tí ó dé ibi tí kòkó tẹ́ sí lórí tapólì, kò yí ká. Ó fò ó kọjá láti etí kan dé ekejì, kò fi ẹsẹ̀ kan hóró kan, ó já sí iwájú màmá rẹ̀, ó sì ti gbé àpò náà sí èjìká kí ó tó dúró dáadáa. Ó sáré gbé e dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sáré padà, ó tún fò, ó tún gbé òmíràn. N kò rí irú eré bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí orúnkún rẹ̀ ti bàjẹ́. Màmá di agbọ̀n òfìfo mú, kò rọ nǹkan kan sí i mọ́. Ó ń wo ọmọ rẹ̀. Kò wo ọ̀run mọ́ rárá.

Àpò tó kẹ́yìn wọlé, òjò dé. Gbogbo wa há sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Àkúrẹ́ àti Oǹdó, a rúnra, òórùn kòkó sì gba ara wa. Rufus fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Màmá gba àárín èrò kọjá, ó fi etí ìró rẹ̀ nu ojú ọmọ rẹ̀.

"Rufus. Ṣé báyìí lo ti ń ṣe fún wọn ní gbogbo ibi tí ò ń lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Màmá wo ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ni ín. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ korò.

"Kí ló wá dé tí o kò sọ fún mi?"

Mo la ẹnu. Gbogbo ọjọ́ Sátidé, gbogbo ọkọ̀ tí ó fẹ́ rán, gbogbo àmì ẹ̀yẹ tí ó gbé wá sílé yìí, wọ́n ti tò sí ẹnu mi. Rufus tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì tútù, pẹ̀lú orúnkún yẹn, láàárín àpò kòkó.

"Ẹ má bínú, Màmá," ló wí. "Mo gbàgbé ni."